Ìlàjà Tí Wọ́n Ṣe fún Damyana

Ẹni tó bá pe ohun tí wọ́n ṣe nílé olórí abúlé yẹn ní ìlàjà, òpùrọ́ ni.

Ìrun Jímọ̀ ni àwọn ọkùnrin abúlé kí tán tí wọ́n fi ya bo ilé Damyana létí odò Náílì ní Íjíbítì. Wọ́n ní àwọn Kìrìsìtẹ́nì ti sọ yàrá ibẹ̀ di ṣọ́ọ̀ṣì láìgba àṣẹ. Àṣẹ wo? Àwọn tó kọ́kọ́ tọrọ ẹ̀ ti kú kí wọ́n tó rí i gbà! Òkúta fọ́ fèrèsé, bẹntiróòlù àti iná tẹ̀ lé e. Ghattas ọkọ rẹ̀ jáde, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló dé?" Ragab aládùúgbò wọn, tó ti jẹun nínú abọ́ Ghattas, la irin mọ́ ọn lórí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí kò fi mira mọ́. Wahba, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, gbé ṣọ́bìrì kò wọ́n lójú. Wọ́n dá a lápá.

Hamdiya, Mùsùlùmí tó ń gbé ilé kejì, ló wọ́ Damyana wọ inú ọgbà tó ń so ẹfọ̀n rẹ̀ mọ́, tó fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Dákẹ́, ọmọ ìyá mi. Wọ́n á pa ọ́!"

Damyana bù ú jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Hamdiya ò tú ọwọ́.

Ọlọ́pàá wá dé, ta ni wọ́n mú? Wahba ni o! Wọ́n ní ó bá aráàlú jà.

Lẹ́yìn ìsìnkú Ghattas ni wọ́n pe ìlàjà sílé olórí abúlé, tọ̀gá ọlọ́pàá, tàlùfáà, títí kan Ragab. Tíì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

"Ìyá Wahba," olórí abúlé ní, "ẹ ti yàrá àdúrà yẹn pa, ẹ jáwọ́ nínú ẹjọ́ tí ẹ pè lórí ikú ọkọ yín, ọmọ yín á sùn sílé lónìí."

"Tí mi ò bá gbà ńkọ́?"

Ọ̀gá ọlọ́pàá fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀. "Ẹ̀wọ̀n jìnnà, Ìyá. Apá tó kán sì máa ń jẹrà níbẹ̀."

Damyana wo àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ìyẹn ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Mo gbà."

Ragab bá dìde, ó fẹnu ko orí rẹ̀ bí àṣà ìlàjà. Ká ní ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ Damyana ni, ì bá gún un pa.

Wọ́n mú Wahba wọlé. Apá rẹ̀ wú, ó dúdú.

"Ìyá, wọ́n ní ẹ gbà?" Ojú rẹ̀ bọ́ sára Ragab. "Ẹni tó pa bàbá mi ló ń mu tíì yìí, ẹ wá gbà?" Ó na ọwọ́ tí kò kán sí ọ̀gá ọlọ́pàá. "Ẹ dá mi padà sí àtìmọ́lé. Mi ò ṣe ìlàjà kankan."

Damyana ta gìrì dìde. Ó gbá a létí, ó tún gbá a, ètè ọmọ bẹ́.

"Ṣé èèyàn méjì ni kí n sin ni, òmùgọ̀ yìí? Bọ́ síwájú mi! Ilé, ó yá!"

Ó ń nà án, ó ń sunkún. Nínú gbogbo ọkùnrin tó kún yàrá yẹn, ọmọ rẹ̀ nìkan ni apá Damyana ká.