Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kú ní Ìṣẹ́jú Mẹ́fà

Aago mọ́kànlá ni olùkọ́ àgbà ilé ẹ̀kọ́ kan fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò láti orí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tó gbà mí síbẹ̀. Ilé ni mo ti ń kàwé láti kékeré, lọ́dọ̀ ìyá àgbà àti bàbá àgbà. Bí wákàtí yẹn bá fò mí, ó di ẹ̀yìn ọdún kan gbáko. Kọ̀ǹpútà wa sì rèé, bí a bá tàn án, ìṣẹ́jú mẹ́fà péré, ó ti kú. Fóònù bàbá àgbà ò sì lè gbà wá: yàtọ̀ sí ìpè, tọ́ọ̀ṣì nìkan ló mọ̀ ọ́n tàn.

Bọ̀dá alátùn-únṣe ní fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́. Ó fi fáànù tuntun ránṣẹ́ sí wa, pẹ̀lú irin tó ń fa ooru tí wọ́n dè mọ́ ọn, àti gírísì funfun díẹ̀ tí wọ́n ń fi sáàárín irin náà àti ọpọlọ. Òun fúnra rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ mìíràn, nítorí náà orí fóònù ló ti ń darí mi, a sì ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Yọ wáyà iná kúrò lára ògiri. Fọwọ́ kan irin àpótí kọ̀ǹpútà yẹn kí o tó kan nǹkan inú ẹ̀. Iná díẹ̀ máa ń wà lára èèyàn, ó lè ba ibẹ̀ jẹ́."

Ìyá àgbà dìde fùú. "Iná wà lára ọmọ mi? Láti ìgbà wo?"

"Lára gbogbo wa ni, mà," ni Bọ̀dá dáhùn.

"Lára tèmi kọ́!"

Mo yí irin àtijọ́ sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bọ́. Mo fi òwú àti sípíríìtì nu gírísì gbígbẹ kúrò. Bàbá àgbà, tó fi ogójì ọdún tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe, sún mọ́ mi.

"Rọ gírísì yẹn dáadáa! Gírísì kì í pọ̀ jù."

"Bíi hóró ẹ̀wà kan péré, bàbá," ni Bọ̀dá wí.

"Hóró kan? Ṣé ẹyẹ lo fẹ́ bọ́ ni?"

Ti ta ni kí n gbọ́? Mo kọ ẹ̀yìn sí bàbá àgbà, mo fi hóró kan sí i.

Mo gbé irin tuntun. Náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ìdí rẹ̀. Ọwọ́ mi ò tilẹ̀ dúró níbẹ̀. Nílé wa, a kì í ṣí náílọ́ọ̀nù ohun tuntun. Ọdún kẹsàn-án rèé tí àga wa ti wà nínú tirẹ̀. "Awọ ẹ̀ nìyẹn," ni ìyá àgbà máa ń wí. "Ta ló ń bó ẹran tó ṣì wà láàyè?" Bí mo ṣe gbé e lé orí gírísì nìyẹn, tòun ti náílọ́ọ̀nù.

Bàbá àgbà kọ́ mi bí màá ṣe fi àwọn bóòtù rẹ̀ dè é. "De igun kan, kí o fò lọ sí igun tó kọjú sí i, bíi táyà. Má de ẹ̀gbẹ́ kan pa." Èyí, Bọ̀dá náà fara mọ́ ọn. Mo ki wáyà fáànù bọ ihò rẹ̀, a tan iná. Fáànù ń yí, bàbá àgbà pàtẹ́wọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó kú.

"A ní ká wò ó sàn," ni ìyá àgbà wí, "a wá dá kún àìsàn ẹ̀."

Aago mẹ́wàá ti kọjá. Bàbá àgbà ní gírísì ló kéré. Ìyá àgbà ní iná ara mi ni. Bọ̀dá ní kí n tún wo wáyà. Mo wò ó, kò sí nǹkan tó ṣe é. Orí mi ń yí ju fáànù lọ.

"Fọwọ́ kan irin yẹn," ni Bọ̀dá wí.

"Ó tutù, sà."

"Ó tutù? Ọpọlọ ń jóná, irin orí ẹ̀ tutù? Kí ló wà láàárín wọn?"

"Gírísì ni, sà. Àti náílọ́ọ̀nù."

Ni Bọ̀dá bá lọgun: "Náílọ́ọ̀nù kẹ̀? Bó o kúrò!"

"Nílé tèmi?" ni ìyá àgbà fi já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ẹni tó fi bò ó mọ ìdí tó fi bò ó."

Mi ò ta ko ìyá àgbà rí. "Ẹ má bínú, mà. Ooru ò rí ọ̀nà gbà kọjá."

"Ṣé ó yé ọ, àbí wọ́n ní kí o wí bẹ́ẹ̀ ni?"

"Kò tíì yé mi tán, mà. Ṣùgbọ́n aago ń lọ."

Mo yọ wáyà iná, mo tún fọwọ́ kan irin àpótí, mo tú u. Nígbà tí mo bó náílọ́ọ̀nù náà, ìyá àgbà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Mo nu ìdí irin àti ojú ọpọlọ mọ́, mo fi gírísì tuntun sí i, mo dè é, mo tún tan iná.

Aago mọ́kànlá lù, ojú olùkọ́ àgbà yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ó ń sọ̀rọ̀, èmi ń ka ìṣẹ́jú. Méjì. Mẹ́ta.

"Ọmọbìnrin, ṣé ò ń gbọ́ mi ṣá? Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Ọ̀rọ̀ tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ sórí fò lọ. "Mo rò pé ẹ máa kú, mà."

"Èmi?"

"Kọ̀ǹpútà, mà! Èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ fáànù ẹ̀. Ó kọ́kọ́ kú. Mi ò mọ̀ bóyá yóò tún kú."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìwé kan mọ́ra, ó mú bíírò.

"Máa sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan," ló wí. "Kọ̀ǹpútà tó wà lọ́dọ̀ akọ̀wé mi náà ń kú báyìí. Kí lo kọ́kọ́ ṣe?"

Mi ò mọ̀ bóyá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti bẹ̀rẹ̀ tàbí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo kàn rí i pé ẹnu mi ti ń sọ̀rọ̀.