Bàbá Onítáyà Lórí Iyanrìn Òkun

Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì da ọ̀dà sí etí òkun yẹn, ẹni tó bá fẹ́ dé abúlé tó gbẹ̀yìn, àárín òkìtì iyanrìn ni yóò gbà, yóò sì máa ṣọ́ ojú omi bí ẹni ń ṣọ́ ojú àna rẹ̀. Bí omi bá kún, ọ̀nà pa dé nìyẹn.

Bàbá Onítáyà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò kàn débẹ̀ rí ni. Látìgbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti fẹ́ apẹja kan ní abúlé yẹn ló ti ní òun ò ní bá wọn jẹ, òun ò ní bá wọn mu. Táyà ló ń lẹ̀ ní ìkóríta, ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí oníyìnyín tó ń ta yìnyín fún àwọn apẹja ń kọjá, tó dúró kí i.

"Bàbá, ọmọ yín àti ọkọ rẹ̀ ń kó lọ sí òdìkejì òkun. Bí omi bá ti kún nírọ̀lẹ́ òní, wọ́n á gbéra, ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ o."

Bàbá ju òòlù sílẹ̀. "Ìyá ọmọ, jẹ́ ká lọ."

Ìyàwó rẹ̀ dìde. Òun ló ń wa jíìpù nínú ilé wọn. Ó ti fi kó ẹja láàárín àwọn òkìtì yẹn kí orúnkún rẹ̀ tó máa dùn ún. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n sì kọrí sétí òkun.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ilẹ̀ líle parí sí, ìyàwó sọ̀ kalẹ̀, ó tú afẹ́fẹ́ inú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí wọ́n fi tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Bí wọ́n ṣe ń rin iyanrìn nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ ń kérora bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín fún.

"Ẹ mójú kúrò," ni ìyàwó wí.

Jíìpù ń yọ̀ lọ geere. Bàbá ń sọ̀rọ̀ sínú, ó ń dánra wò: "Ọmọ mi, ohun tí mo ní... rárá. Ọmọ mi, ìwọ náà mọ̀ pé..." Ìyàwó ń gbọ́, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ní abúlé àkọ́kọ́, ìyàwó sọ̀ kalẹ̀ lọ bi àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe bóyá omi ti ń bọ̀. Ó bá wọn tàkúrọ̀sọ díẹ̀, ó padà, ó sì wakọ̀ lọ. Wọn ò tíì gun òkìtì kejì dé orí tí jíìpù fi rì, ó jókòó lé ikùn.

Ìyàwó bọ́ sílẹ̀, ó wo táyà. Gbogbo wọn le bí òkúta.

"Kí lẹ ṣe sí táyà?"

"Mo tọ́jú wọn ni."

"Ẹ tọ́jú wọn!"

"Wọ́n rọ̀, ìyá ọmọ. Pọ́ǹpù wà lẹ́yìn ọkọ̀, ọwọ́ mi sì dilẹ̀. Ojú mi ò gbà á."

"Ojú yín ò gbà á, iyanrìn náà ò gbà wá."

Àwọn obìnrin tó ń sá ẹja gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbé pákó wá, ẹ̀rín ti gba ẹnu wọn.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ gbin jíìpù ni? Kì í hù níbí o!"

"Bó bá hù, ẹ fún wa lọ́mọ rẹ̀ kan!"

Ìyàwó na ìṣáná sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ máa tú u."

Bàbá kúnlẹ̀, ó fi igi ìṣáná tẹ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ṣííí. Ìyàwó rẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe ti táyà mọ́.

"Bó bá ti lọ ńkọ́?"

"Ta ni?"

"Ọmọ mi."

Inú ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀ látijọ́. Kò wí i síta fún ìyàwó rẹ̀ rí látìgbà tí ìjà ti dé. Obìnrin náà fi etí ìró nu iyanrìn kúrò ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ẹ tú èyí tó kù. A ó bá a."

Wọ́n ti pákó bọ abẹ́ táyà, àwọn obìnrin fi èjìká tì wọ́n, jíìpù sì jáde.

Nígbà tí wọ́n fi máa dé abúlé tó gbẹ̀yìn, omi ti kún. Ọkọ̀ ojú omi wọn ti léfòó, ọmọ jókòó sáàárín àwọ̀n, ọkọ rẹ̀ di ọ̀pá ìtukọ̀ mú. Ìyá ọmọ tẹ fèrè jíìpù títí. Jíìpù ò tíì dúró tí Bàbá fi ṣílẹ̀kùn, ó wọ inú omi tòun ti bàtà, tòun ti fìlà, ó rọ̀ mọ́ etí ọkọ̀.

"Bàbá! Bàtà yín!" lọmọ kígbe.

Gbogbo ohun tó ti ń kọ́ sórí ti fò lọ. Ó wá yíjú sí apẹja.

"Ọmọ mi," ló wí fún un, "ṣé ẹ ti jẹun?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ojú omi, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ti ń sunkún. Ó gbé ọ̀pá kalẹ̀, ó sì ju ìdákọ̀ró padà sínú omi.

"A ò tíì jẹun, Bàbá," ló wí, ó na ọwọ́ láti fà á gòkè. "Omi ọ̀la náà á kún."