Igi Ni

Ìwọ tí o fẹ́ ka ọ̀rọ̀ yìí, bí o bá mọ Fàlílátù tó ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́, mo bẹ̀ ọ́, má kà á sí i létí. Má sì fi ìwé náà sílẹ̀ níbi tó ti lè rí i. Àwọn tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì ti gbà láàrin ara wọn pé ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìyẹ̀fun dúdú ń dà jáde lára igi ọkọ̀, ó ń dà sí Fábíyìí lọ́wọ́. Ó dá ẹ̀rọ ìlùhò dúró. Ó fi àtàǹpàkò pa ìyẹ̀fun náà wò. Kì í ṣe ìyẹ̀fun pákó. Ìyẹ̀fun pákó máa ń rùn, ó sì máa ń ní àwọ̀ amọ̀. Èyí dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ń yún un lọ́wọ́, kò sì rùn rárá.

Ejìnrìn ni wọ́n wà, ní etí ọ̀sà, lẹ́yìn ilé Alhaji Tìrìmísíyù. Alhaji ra ọkọ̀ onígbòkun kan, tòkunbọ̀, funfun báláú. Ọkọ̀ náà ti wà lórí omi, wọ́n so ó mọ́ èèkàn. Igi rẹ̀ nìkan, èyí tí wọ́n máa ń ta ìgbòkun mọ́, ló ṣì dùbúlẹ̀ lórí àgbá mẹ́ta. Wọ́n kùn ún ní funfun láti òkè dé ìdí. Iṣẹ́ Fábíyìí ni kó fi antẹ́nà sí orí rẹ̀, kí ẹni tó bá wà láàrin omi lè fi rédíò bá ẹni tó jìnnà sọ̀rọ̀. Ó ti ń tún rédíò ṣe ní Ìgbògbò fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò tíì fọwọ́ kan irú igi báyìí rí.

Ọ̀rọ̀ Tóyìn ló wá sọ́kàn rẹ̀. Tóyìn ló ta antẹ́nà náà fún un ní Ìkòròdú lánàá. Nígbà tó ṣàlàyé irú ọkọ̀ tó jẹ́, ọmọbìnrin náà dá ọwọ́ dúró lórí páálí tó ń dì.

"Bàbá, ẹ ṣọ́ra o. Èédú ni wọ́n hun ṣe òmíràn nínú àwọn igi yẹn, bí ẹni ń hun ẹní. Ó ń gbé iná bí irin."

Fábíyìí rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ta ló ń hun èédú?

Ó mú tẹ́sítà jáde, èyí tó máa ń ké bí iná bá lè gba ara nǹkan kọjá. Ó ti ẹsẹ̀ tẹ́sítà náà kan bọ inú ihò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Ó so wáyà gígùn mọ́ ìkejì, ó fà á lọ títí dé ìdí igi náà, níbi tí ọ̀dà ti bó. Ó fi kàn án.

Tẹ́sítà ké.

Ó yọ ọ́. Ó tún fi kàn án. Ó tún ké.

"Kí ló ń ké bí ọmọ adìẹ níbẹ̀ yẹn?"

Alhaji ló sọ̀rọ̀. Ó jókòó lábẹ́ igi furúùtù, lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, òun àti àlejò méjì. Fábíyìí dìde dúró. Àyà rẹ̀ ti ń já kó tó la ẹnu. Akólòlò ni láti kékeré. Bí kò bá sí ẹ̀rù, ọ̀rọ̀ á jáde díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀rù bá dé, gbogbo rẹ̀ á sáré wá sí ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹyọ kan kò sì ní rí ọ̀nà gbà.

"Alhaji, i-i-igi yìí, kì í ṣe… è-è-è…"

"È-è-è," ni Alhaji wí.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà ké bí ewúrẹ́. Àwọn lébìrà mẹ́ta tó wà nídìí okùn wo ojú Alhaji ná. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín.

"Ó ń g-g-gbé… ó ń g-gbé…"

"Ó ń gbé kí ni? Ó fẹ́ gbé ọ níyàwó?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Fábíyìí wo ìyẹ̀fun dúdú tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó nà án síwájú, bí ẹni pé ọwọ́ á bá òun sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó wo ọwọ́.

"Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba," ni Alhaji wí fún àwọn àlejò rẹ̀, "àmọ́ èmi ò ráyè. Kí á tó kírun Àsárì, a gbọ́dọ̀ ti wà lójú omi." Ó wá yí sí Fábíyìí. "Kí là ń pe nǹkan tó wà níwájú rẹ yẹn?"

"I-igi ọ-ọ-ọkọ̀."

"Igi. O mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Igi ni. Wí i kí n gbọ́."

"I-i-igi n-ni."

"Tún un wí."

Ó tún un wí. Alhaji ní kó tún un wí. Bí ọmọ kéú tó di wàláà mú níwájú àáfà, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta dúró nínú oòrùn tó ń wí i, tí àlejò ń ka iye ìgbà fún un. Ní ẹ̀ẹ̀keje, ó jáde. Ó jáde gbọọrọ, láìkọsẹ̀ níbì kankan.

"Igi ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alhaji ní, "Ẹ wò ó, mo ti wò ó sàn."

Ohun tí Fábíyìí kò lè dárí rẹ̀ ji ara rẹ̀ ni pé inú rẹ̀ dùn. Díẹ̀ ni, kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó dùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹ̀rọ ìlùhò, ó sì lu ihò kejì.

Jẹ̀lílì kò sí níbẹ̀ nígbà tí gbogbo èyí ń lọ. Ó lọ ra ìṣó ní Ẹ̀pẹ́. Jẹ̀lílì ni káfíńtà tó ń tún inú ọkọ̀ náà ṣe, òun ló sì mú Fábíyìí wá síbi iṣẹ́, nítorí àna rẹ̀ ni: àbúrò Fábíyìí, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ni Fàlílátù tí Jẹ̀lílì fẹ́. Alápàárá ènìyàn ni. Iná nìkan ni kì í fi ṣeré. Ilẹ̀kùn irin kan tí iná mọ̀nàmọ́ná wà lára rẹ̀ gbé e ṣubú nígbà kan ní ilé oníbàárà, láti ìgbà náà, kò jẹ́ fọwọ́ kan ohunkóhun tí kò dá a lójú láìbéèrè pé, "Igi ni àbí irin?" Fàlílátù máa ń sọ fún àwọn ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ó bi òun náà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Fábíyìí yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjà. Ó ń to ẹja sórí àtẹ. Nínú gbogbo ayé, òun nìkan ni kì í bá Fábíyìí parí ọ̀rọ̀. Bó ti wù kí ó pẹ́ tó, á dúró, á máa wo ojú rẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tó mọ̀ pé yóò dé.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi ṣọ́ ọkọ mi o," ló wí. "Ilé Alhaji yẹn, kíá-kíá wọn ti pọ̀ jù."

"M-mo gbọ́," ni Fábíyìí dáhùn.

Ọ̀sán ni Jẹ̀lílì padà, ó gbé abọ́ ìkókoré tí Fàlílátù fi rán an dání. Àwọn méjèèjì jókòó ti àgbá. Jẹ̀lílì fi ìka kan igi ọkọ̀ náà kó-kó-kó, ó dẹtí sí i.

"Àna mi, irú igi wo lèyí? Kò lójú, kò léèpo, ó sì fúyẹ́ ju ọparun lọ. Igi òyìnbó ni wọ́n ń pè é àbí?"

Ó yẹ kó sọ ọ́ nígbà náà. Jẹ̀lílì kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí i pé Alhaji ń wo àwọn láti ìdí igi furúùtù, ó fi ẹ̀rín sẹ́nu, ó ń dúró. Fábíyìí bu ìkókoré, ó fi dí ẹnu.

Kó tó di aago mẹ́ta, antẹ́nà ti wà lórí igi, ó le dáadáa. Ó gùn tó apá ènìyàn méjì. Wọ́n gbé igi náà dé etí omi. Àwọn lébìrà mẹ́ta di okùn ọ̀rá mú ní ọ̀nà mẹ́ta láti fà á dìde. Jẹ̀lílì wà nínú omi dé orúnkún, òun ló di ìdí rẹ̀ mú nínú ẹrẹ̀. Bó bá ti nà ró tán, òun ni yóò gbé ìdí náà sínú ihò rẹ̀ nínú ọkọ̀. Fábíyìí dúró lókè, ó ń tú wáyà antẹ́nà.

Igi náà dìde. Ó ga ju bí wọ́n ti rò lọ. Wáyà iná kan wà tó gba orí etí omi kọjá lọ sí àwọn ilé ìhà kejì, ó sọ̀ kalẹ̀ bí okùn ìsáṣọ. Igi nìkan ì bá kọjá lábẹ́ rẹ̀. Antẹ́nà ló há sí i.

"Kí lẹ ń dúró ṣe?" ni Alhaji pè láti orí àga.

"Antẹ́nà ti há sí wáyà, sà," ni ọ̀kan nínú àwọn lébìrà dáhùn.

"Iná ti lọ láti ìjẹta. Jẹ̀lílì, gbé ìdí rẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí o mì í, á jábọ́."

Jẹ̀lílì wo òkè. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò lára igi, ó sún sẹ́yìn nínú omi.

"Lóòótọ́ ni iná ò sí, Alhaji. Ṣùgbọ́n iná kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé." Ó yíjú sókè. "Àna mi. Igi ni àbí irin?"

Gbogbo ojú yí sí Fábíyìí. Kì í ṣe igi. Kì í ṣe irin. Ìbéèrè náà fún un ní ọ̀nà méjì, òtítọ́ kò sì sí nínú ìkankan.

"È…" ló wí. "È-è…"

"È-è-è," ni àlejò náà gbà á lẹ́nu. Ewúrẹ́ tún ké. Okùn ń gbọ̀n lọ́wọ́ àwọn lébìrà, nítorí ẹ̀rín.

Jẹ̀lílì kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró nínú omi, ó ń wo ẹnu àna rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara ìyàwó rẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró bẹ́ẹ̀.

"È-è-è…"

"Kí lo kọ́ láàárọ̀?" ni Alhaji wí.

"Igi ni," ni Fábíyìí wí.

Ó jáde mọ́, ó yọ̀ bọ̀rọ́ bí omi lórí ewé kókò.

"Ó tán," ni Jẹ̀lílì wí. "Àna mi ti sọ ọ́." A kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àna ẹni ká tún bi ẹlòmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá igi náà mọ́ra, ó sì fà á yọ kúrò nínú ẹrẹ̀.

Ó mì í lẹ́ẹ̀kan. Ó mì í lẹ́ẹ̀kejì. Ariwo ayọ̀ wá sọ láàrin ìlú. Àwọn ọmọdé ń hó láti ilé dé ilé, orin bẹ̀rẹ̀ láti àárín rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ níbi tó ti dúró ní ìjẹta. Wọ́n ti mú iná wá.

Jẹ̀lílì kò ké. Ó di igi náà mú bí ẹni dì mọ́ ọ̀rẹ́ tó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ara wọn. Kò jọ̀wọ́ rẹ̀ títí àwọn lébìrà fi ju okùn sílẹ̀, tí òun àti igi sì jọ ṣubú sínú omi. Wọ́n ṣì ń hó nínú ìlú.

Ìgbà náà ni Alhaji dìde kúrò lórí àga fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó rìn wá síwájú Fábíyìí. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, bí ohùn ẹni tó ń báni kẹ́dùn.

"Ìwọ lo sọ pé igi ni. Gbogbo wa la gbọ́." Ó wo àwọn lébìrà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wo ilẹ̀. "Kò tiẹ̀ kólòlò."

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n gbé Jẹ̀lílì lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ń wẹ òkú rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Omi ń dà sórí símẹ́ńtì, ó ń dáwọ́ dúró, ó tún ń dà. Fàlílátù jókòó lórí ẹní nínú yàrá, òórùn ẹja yíyan ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Nígbà tí Fábíyìí wọlé, Fàlílátù ní kí àwọn obìnrin tó jókòó tì í jáde.

"Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n ní ó bèèrè. Mo mọ̀ pé kò jẹ́ fọwọ́ kàn án láìbéèrè. Ta ló bi?"

"Èmi ló bi."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ṣé igi ni àbí irin."

Fàlílátù mi orí díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ ohùn tó mọ̀ láti yàrá kejì. "Kí lẹ dá a lóhùn?"

Ó gbé ojú lé ojú rẹ̀, ó ń dúró, bó ti máa ń dúró. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Omi tún dà lẹ́yìn ilé. Fábíyìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé láti ìgbà tí òun ti wọlé, òun kò tíì kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan. Ahọ́n rẹ̀ fúyẹ́ lẹ́nu. Èédú: ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, odindi, kò sí ohun tó dì í mú. Ó wá ohun tó ti dì í mú ní ọ̀sán, ó wá a nínú ọ̀fun, ó wá a nínú àyà. Kò rí i.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ṣe sùúrù. Mò ń dúró."

"Fàlílátù," ló wí, "má bi mí mọ́."

Ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.