Pákó Iwájú Ilé Olówòkéré

Ní Ugbónlá, orí òpó igi ni àwọn ilé etí omi dúró lé, afárá pákó ló sì so wọ́n pọ̀. Òun ni àwọn ọmọ ń gbà lọ sílé ìwé, òun ni àwọn obìnrin ń gbà gbé ẹja lọ sí èbúté. Orí rẹ̀ náà ni Jọọlá ti ń sáré láràárọ̀, nítorí kò ríbòmíràn sá a. Òkun ti gbé iyanrìn etíkun lọ, ẹrẹ̀ tó ń gbé ẹsẹ̀ mì ló kù.

Jọọlá ń yan ẹja tà. Mátíù, ọkọ rẹ̀, ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé èrò lọ sí Ìgbókọ̀dá. Nígbà tí Jọọlá wà nílé ìwé, kò sí ọmọbìnrin tó lè bá a sáré, ṣùgbọ́n ìgbà tó relé ọkọ ló fi í sílẹ̀. Ṣìkẹ́mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kàwé, tó ti di olùkọ́ ní Ìgbókọ̀dá, ló dábàá pé kí àwọn jọ lọ sá eré ọ̀nà jíjìn tí wọ́n máa ń sá ní ìgboro Èkó. Kíá ni Jọọlá gbà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó sọ fún Mátíù pé òun fẹ́ ṣe ohun kan láyé òun tí òórùn ẹja kò ní í sí lára rẹ̀.

Nígbà tí eré náà ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó di dandan kó máa sá eré gígùn, láti ìpẹ̀kun afárá kan dé ìkejì, ní àlọ ní àbọ̀, títí oòrùn yóò fi mú. Ilé Bàbá Olówòkéré sì wà láàárín. Arúgbó tó ń hun àwọ̀n ni. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀. Òpó kan náà ló gbé ilé wọn àti afárá, nítorí náà bí ẹsẹ̀ Jọọlá bá ti ń balẹ̀, gbogbo ilé a máa mì, ìyá náà a ta gìrì lójú oorun, a sì bú sẹ́kún.

Bàbá kọ́kọ́ fi pẹ̀lẹ́ bá a sọ ọ́. Jọọlá ṣèlérí pé bí òun bá ti dé ẹnu ọ̀nà wọn, òun á máa rìn. Ó rìn fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí ara bá ti gbóná tán, ó ṣòro láti dá ẹsẹ̀ dúró. Ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìṣẹ́jú akàn ni.

Bàbá dá a dúró lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ó bi í bóyá ilé tí wọ́n ti kọ́ ọmọ ni wọ́n ti tọ́ ọ. Jọọlá fèsì pé afárá ìlú ni, kì í ṣe ti bàbá ẹnì kan. Àwọn tó wà nítòsí gbọ́ ọ. Ó mọ̀ pé kò yẹ kí ẹnu òun sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àgbà, síbẹ̀ kò tọrọ àforíjì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Bàbá Olówòkéré gbé irin tí wọ́n fi ń yọ ìṣó jáde, ó sì tú gbogbo pákó tó wà níwájú ilé rẹ̀, ó kó wọn wọlé. Ó sọ fún àwọn tó bi í léèrè pé òun lòun gé igi náà, òun lòun sì kàn án mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó bí Jọọlá. Omi dúdú ló kù láàárín apá afárá méjèèjì.

Ohun tí Jọọlá kò rò ni pé òun ni ìlú máa bínú sí. Ọkọ̀ ni àwọn obìnrin ń wọ̀ kí wọ́n tó lè kọjá níbi tí kò ju iwájú ilé kan lọ, gbogbo wọn sì ń bú u bí wọ́n ti ń wọ̀ ọ́. Ọpẹ́fólúwa, tí òun àti Jọọlá jọ ń lo ààrò kan, kó ẹja tirẹ̀ lọ síbòmíràn. Moríkẹ́, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, sọ ọ́ sétí ìgbọ́ rẹ̀ pé ènìyàn kì í déédéé sáré, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e.

Baálẹ̀ pe àwọn méjèèjì. Ó dájọ́ pé kí Jọọlá kúnlẹ̀ bẹ Bàbá, kó sì jáwọ́ nínú eré, kí Bàbá dá pákó padà. Jọọlá ní òun á kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní í jáwọ́. Bàbá ní kó gbé orúnkún rẹ̀ lọ sílé. Bí wọ́n ṣe tú ká nìyẹn.

 Ìgbà tí wọ́n délé ni Mátíù tó sọ tinú rẹ̀.

“Àwọn èèyàn kò fẹ́ wọ ọkọ̀ mi mọ́,” ó ní. “Lọ sá eré rẹ níbòmíràn.”

Jọọlá di ẹrù, ó lọ sọ́dọ̀ Ṣìkẹ́mi. Títì ọlọ́dà wà ní Ìgbókọ̀dá, kò sí ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, síbẹ̀ ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ìbínú ló fi ń sáré. Ṣìkẹ́mi kìlọ̀ fún un pé bó bá ń bá a lọ báyìí, yóò ti ná agbára rẹ̀ tán kí wọ́n tó dé Èkó. Nígbà tí Mátíù wá wò ó, ó ní Bàbá kò tíì dá pákó kankan padà, àti pé orúkọ Jọọlá ni wọ́n fi ń bú ara wọn nílé.

Jọọlá ra pákó lẹ́bàá èbúté, wọ́n kó o sínú ọkọ̀, ó sì bá Mátíù padà. Òun fúnra rẹ̀ ló mú òòlù. Àwọn èèyàn dúró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n ń wò ó, kò sẹ́ni tó bá a di igi mú àfi ọkọ rẹ̀. Bàbá Olówòkéré jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ń bẹ lórí ẹní lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, Jọọlá kò tíì fojú kàn án. Ó ti rù, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí òòlù bá sì ti dún, gbogbo ara rẹ̀ a gbọ̀n.

“Ẹsẹ̀ rẹ kò pa á,” Bàbá ní. “O tún gbé òòlù wá.”

Jọọlá dá ọwọ́ dúró. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè. “Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀, Bàbá,” ó ní. “Mi ò ní í sáré lórí ẹ̀ mọ́.”

“Èmi kò bi ọ́.”

Ó ń kàn án lọ, díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá gbé òòlù sókè, ó ń wo ìyá náà kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó parí, àwọn obìnrin gba orí pákó náà kọjá, kò sẹ́ni tó kí i kú iṣẹ́.

Ó sá eré náà ní Èkó. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ fà lójú ọ̀nà, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, Ṣìkẹ́mi sì ti mu omi, ó ti sinmi tán kí Jọọlá tó dé, ṣùgbọ́n ó dé. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó sunkún níbẹ̀, kò sì mọ ohun tó ń sunkún lé lórí.

Nígbà tó padà sílé, ó rí i pé Bàbá ti kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìbú sórí àwọn pákó tuntun náà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ní láti máa gbé ẹsẹ̀ sókè bíi lékeléke. Jọọlá gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀ rù, ó ń wo ilẹ̀ bó ti ń lọ. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń hun àwọ̀n.

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ara Ìyá ńkọ́?”

Bàbá fi eyín gé òwú, ó sì yíjú sí odò.