Ọwọ́ Tí Sìmíátù Fi Jẹun

Ọwọ́ òsì... Báwo ni mo ṣe yà á tí mi ò rí i? Èmi Tìrìmísíyù, ayàwòrán tó ń ka ìka kó tó kùn ún, mo ya ọmọ tó ń fi ọwọ́ òsì jẹun, mo gbé e lọ sí iléeṣẹ́ n'Íganmu, mo tún ń yangàn.

Ara àpótí oúnjẹ onípáànù ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí, èyí tí àwọn ọmọ ń gbé lọ sí iléèwé. Látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀, ti òyìnbó ò wọlé mọ́, tiwa ló kù. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún Sìmíátù káàkiri Èkó... ọmọ tèmi!

Ọ̀gá Àkàngbé níléeṣẹ́ ò tiẹ̀ bínú. Ó rẹ́rìn-ín ni. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rín ẹnu ọmọ yìí, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Òun ló máa tà á. Ọwọ́ yìí ṣá... ìyá wo ló máa ra ọwọ́ òsì fọ́mọ ẹ̀?" Òótọ́ ló sọ. A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni — bàbá wá fọwọ́ òsì júwe ọmọ fún gbogbo ìlú.

Kùn ún, Tìrìmísíyù. Búrọ́ọ̀ṣì rèé. Gbé ṣíbí sọ́wọ́ ọ̀tún, ó parí. Ọ̀la ni wọ́n ń gbà á. Bí mi ò bá ṣe é, àwọn ayàwòrán tó ń wáṣẹ́ kún Yaba.

Àmọ́ Sìmí ti sọ fún gbogbo kíláàsì ẹ̀ — "Èmi ni mo wà lára ẹ̀ o!" — bó bá wá rí ọwọ́ tí kì í ṣe tiẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ọdún méje. Tíṣà ń na ọwọ́ yẹn. Shakirat, ìyá ẹ̀, ti fata ra ọwọ́ ọ̀hún rí, òun fúnra ẹ̀ ló tún sunkún ju ọmọ lọ. Èmi ò nà án o. Rárá. Èmi kàn máa ń sọ pé... ọwọ́ ọ̀tún, Sìmí. Láàárọ̀, ọwọ́ ọ̀tún. Lọ́sàn-án, lálẹ́, ọwọ́ ọ̀tún ńkọ́? Á pààrọ̀ ṣíbí, á dorí kodò, á máa jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń lo oògùn.

Jẹ́ n wo ojú yìí ná. Eyín iwájú tó ti ká. Hóró ìrẹsì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Ẹ̀rín yìí... ibo ni mo ti rí i? Mi ò mọ irọ́ yà tó báyìí. Ọjọ́ Sátidé ni, ó jókòó síwájú mi, ìrẹsì àti dòdò, èmi ń sáré yà á kóòrùn tó lọ — ojú ẹ̀ ni mò ń wò. Mi ò wo ọwọ́. Mi ò sọ nǹkan kan.

Mi ò sọ nǹkan kan...

Ọdún méje ni mo ti ń bá ọmọ yìí jẹun. Mi ò rí ẹ̀rín yìí nídìí oúnjẹ rí, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo gbàgbé láti bá a wí. Ọ̀gá Àkàngbé, ẹ̀rín tẹ́ ẹ ní n má fọwọ́ kàn, ọwọ́ òsì yẹn ló mú un wá.

Ọ̀dà ti ń gbẹ lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì. Mi ò tíì kun nǹkan kan. Sìmí mi... èmi tí mo ní mi ò nà ọ́, èmi ni mò ń gba ẹ̀rín yìí lẹ́nu ẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́.