Èsì Orí Kẹrin

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kò tíì lù nígbà tí fọ́nrán fídíò kan dé orí fóònù ọmọbìnrin gbẹ́nàgbẹ́nà kan, tó ń bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Àga tí wọ́n tà lọ́sẹ̀ tó kọjá ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá arúgbó kan hàn lórí ibùsùn, tí báńdéèjì wà ní apá rẹ̀. Ohùn ọmọ ìyá náà ń ké pé: "Ẹ wo ohun tí wọ́n fi àga ṣe ìyá mi!"

Ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ òwò ni, òun ló sì gba ipò kìíní. Ó fèsì lábẹ́ fọ́nrán náà bí wọ́n ti kọ́ ọ: "A ti gba ẹ̀sùn yín. Ìgbìmọ̀ wa yóò ṣe ìwádìí."

Kíá làwọn èèyàn bò ó. "Ìgbìmọ̀ wo? Ti ìṣó àti òòlù?" Oníbàárà méjì ní àwọn kò ra àga mọ́.

"Ọ̀gá Ìwé," ni bàbá rẹ̀ wí, "o ti da epo síná. Ṣebí mo ní ká panu mọ́? Ariwo ọjà ni, yóò rọlẹ̀."

"Bàbá, ti ọjà ló ń rọlẹ̀. Ti inú fóònù kì í sùn."

Ó pe olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó sì ka èsì rẹ̀ fún un.

"Gbólóhùn náà pé, ọmọ mi. Orí kẹrin ìwé wa nìyẹn. Ṣé o fi déètì sí i?"

"Sà, ìyá àgbà ló ṣubú."

"Orí kẹrin kò ya ìyá àgbà sọ́tọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Má gbàgbé àbẹ̀wò rẹ ní Ọjọ́bọ̀ o. Sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun pé ohun tí a kọ́ ọ tó ọ lò."

Ó gé ìpè náà. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Kí ló dé tí àga yẹn fi kán?"

Bàbá wolẹ̀. "Gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ ká tó tà á. Àwa méjèèjì la jọ kánjú."

"Ẹ wọ bàtà yín. A ń lọ bẹ ìyá náà."

"Kí ayé máa wò wá nínú fóònù?"

"A ò ní mú fóònù dání."

"Bí wọ́n bá lé wa ńkọ́?"

"A ó dúró lẹ́nu ọ̀nà."

Ó pa èsì rẹ̀ rẹ́. Ó kọ̀wé sí olùkọ́ náà pé: "Sà, mo ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Bí ìyá náà bá gbà, fọ́nrán rẹ̀ ni n ó fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ̀yin náà jókòó láàárín wọn, ká jọ wá èsì tí kò sí ní orí kẹrin."

Ó ti fóònù mọ́ inú dúrọ́ọ̀, ó sì tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ jáde.