Fíìmù Ọkọ Ọlọ́ṣẹ

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Yẹ́misí kí ó tó rántí pé aṣọ ọ̀fọ̀ ló wà lọ́rùn òun. Ó sáré fọwọ́ bo ẹnu, ó wo fèrèsé, ó wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹnì kankan. Nínú tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan ń sá fún ewúrẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ jí gbé. Ewúrẹ́ ń lé e yípo ọjà, fìlà rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu ewúrẹ́ bí ewé. Ẹ̀rín kejì tún ti ń bọ̀. Yẹ́misí fa ìborùn rẹ̀, ó fi dí ẹnu, ó sì rín in sínú aṣọ náà títí omi fi lé ròrò sójú rẹ̀.

Kí ni wọ́n máa wí? Opó ni. Kọ́láwọlé Ìgè, ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ojú ọ̀nà Sẹ́kọ̀nà ní Ẹdẹ mọ̀ sí Bàbá Ọpẹ́ Onírédíò, kò tíì pé ogójì ọjọ́ nínú ilẹ̀. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi tó ń lọ ti sọ fún un pé kò pọn dandan kí ó jókòó sílé nínú aṣọ dúdú, ṣùgbọ́n òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun máa ṣe é pé. Ó nídìí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ojú rẹ̀ gbẹ. Ó to àga, ó yanjú ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ó bá àwọn akọrin wí nítorí pé wọ́n pẹ́ dé, bí ìgbà tó ṣì jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ẹkún ò sì wá. Àwọn ará ilé Ìgè rí i. Wọ́n ní tíṣà kò sunkún ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní àbí kò fẹ́ràn rẹ̀ ni? Ọ̀rọ̀ náà ì bá má dùn ún tó bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe pé òun náà ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn ní gbogbo òwúrọ̀ tó bá jí sórí ibùsùn tó ti fẹ̀ jù fún un.

Ọkọ Ọlọ́ṣẹ ni orúkọ fíìmù náà. Fíìmù ayé àtijọ́ ni, láti ìgbà tí àwọn eléré ń gbé ẹ̀rọ àti aṣọ funfun kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń ta aṣọ náà mọ́ ògiri gbọ̀ngàn, tí tọmọdé tàgbà á sì jókòó síwájú rẹ̀. Kò sú Bàbá Ọpẹ́ rí. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì máa ń tàn án bó ti ń tún rédíò ṣe. Láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra ló ti ń bẹ Yẹ́misí pé, "Jẹ́ ká jọ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré." Díákónì ni bàbá Yẹ́misí, ó ti kọ́ ọ láti kékeré pé ẹnu ọ̀nà Sátánì ni fíìmù. Nígbà tó dàgbà kúrò lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn, iṣẹ́ ò jẹ́. Ó ní ó di ìgbà tí òun bá fẹ̀yìn tì. Ó fẹ̀yìn tì tán, ó ní kí Àjíǹde kọjá ná. Àjíǹde kọjá, òjò bẹ̀rẹ̀, Bàbá Ọpẹ́ sì ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù láàárín àwọn rédíò rẹ̀, kò dìde mọ́.

Ọpẹ́yẹmí, ọmọ wọn, ló rí kásẹ́ẹ̀tì náà nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó wá ẹni tó bá a dà á sínú fíláàṣì, ó ki fíláàṣì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kí ó tó padà sí Ìbàdàn. "Màámi, ọjọ́ tó bá ti wù yín," ló sọ. Ọ̀sán òní ló wù ú. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi ṣe ìrántí ẹnikẹ́ni. Ilé náà ló dákẹ́ jù.

Ó kọ́kọ́ jókòó tì í pẹ̀lú ojú olùkọ́ tó fẹ́ máàkì ìwé. Àwòrán náà ti ṣá, ìlà funfun ń rọ̀ lórí rẹ̀ bí òjò, ohùn àwọn èèyàn inú rẹ̀ sì há. Kò pẹ́ tí ojú olùkọ́ náà fi sọnù. Ọkùnrin kan ni, Àtàndá, tí gbogbo ohun tó bá dáwọ́ lé máa ń bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àti ìyàwó rẹ̀ tó ń po ọṣẹ dúdú tà. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fi Àtàndá ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jà, tó wá jókòó sẹ́yìnkùlé, tí ìyàwó rẹ̀ ń fọ orí fún un. Obìnrin náà kàn ń fi ọṣẹ ra á lórí, ó ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, ọkùnrin náà dijú, èèyàn ò sì mọ̀ bóyá omi ọṣẹ ló ń ṣàn lójú rẹ̀ tàbí ẹkún. Yẹ́misí ò mọ ìgbà tó di apá àga mú. Fíìmù náà dára. Háà, ó dára! Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó yẹ kí ó gbọ́, ó bá àga lófo. Lẹ́yìn náà ni ewúrẹ́ dé, tí ẹ̀rín sì já gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ìyàwó, ẹ̀rín ta ni mo gbọ́ yẹn?"

Ọ̀ṣunlọlá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, apẹ̀rẹ̀ àgbàdo tútù lórí rẹ̀. Àgbẹ̀ ni ní Alájué, olórìṣà ni. Nínú gbogbo ọmọ ìyá wọn, òun nìkan ni kò bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òun náà ló sì kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ ẹkún tí kò wá yẹn sílẹ̀. Yẹ́misí kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú…"

"Láti ìdí máńgòrò ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ilẹ̀ tí a bò mọ́ àbúrò mi ò tíì gbẹ, ìwọ ti ń rẹ́rìn-ín."

Yẹ́misí ń wá rìmóòtù lábẹ́ tìmùtìmù, kò rí i. Fíìmù ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Àtàndá ti délé, kò ní fìlà, kò ní ewúrẹ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, ó gbóhùn sókè: "Onílé, àlejò dé o! Ọwọ́ òfo ló mú wá o!"

Ọwọ́ Yẹ́misí dúró sábẹ́ tìmùtìmù.

"Ẹsẹ̀ tó gbé e wá ti tó," ìyàwó Àtàndá dáhùn láti inú ilé. Ọ̀ṣunlọlá náà sì dáhùn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí, bí ẹni tó ń ṣe àmín sí àdúrà láìmọ̀.

"Ìyá mi, níbo lẹ ti mọ èsì yẹn?"

Ọ̀ṣunlọlá sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo tẹlifíṣọ̀n. "Ṣé òun lò ń wò? Ọmọdé ni èmi àti Kọ́lá nígbà yẹn. Láti Alájué la ti fẹsẹ̀ rìn wá wò ó ní gbọ̀ngàn, mo dì í lọ́wọ́ mú nítorí òkùnkùn. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti oko dé, ohun tí Kọ́lá ń sọ lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Ìyá wa á dá a lóhùn. Tí ìyá wa ò bá sí nílé, èmi á dá a lóhùn. Tó bá wá kí mi, kódà lọ́dún yìí, ó máa ń sọ ọ́."

Yẹ́misí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nínú ilé tí wọ́n háyà lójọ́ sí, ọkọ rẹ̀ a máa sọ ọ́, òun a sì pòṣé pé kí ó fi eré sílẹ̀ wá jẹun. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n wà yìí, òun ló kọ́ ọ. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé tíṣà ló kọ́lé tí ọkọ kó wọ inú rẹ̀, ó sì mọ ohun tí àwọn ọkùnrin fi ń ṣe Bàbá Ọpẹ́ ní yẹ̀yẹ́ nídìí ayò. Nígbà tí ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tuntun tó ń pe ara rẹ̀ ní àlejò ọlọ́wọ́ òfo, tó ń pe òun ní onílé, ọ̀rọ̀ náà ń gún Yẹ́misí. Ó gbà á mọ́ra, ó gbà á mọ́ra, títí ó fi bú gbàmù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ẹyin lọ̀rọ̀.

"Mo rò pé wọ́n ń bú mi ni," ó sọ. "Mo ní bí àlejò ni wọ́n, kí wọ́n lọ kọ́ tiwọn. Wọn ò sọ ọ́ mọ́."

Ọ̀ṣunlọlá kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó tì í sílẹ̀.

"Ó sọ fún mi," ó ní. "Mo ní kí ó là á yé ọ. Ó ní rárá. Ó ní tí òun bá ti là á, ó di ẹ̀kọ́ nìyẹn, pé ẹ̀kọ́ lo ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́. Ó ní ọjọ́ tí o bá wo fíìmù náà, ìwọ fúnra rẹ á bá òun níbẹ̀."

Nígbà náà ni ẹkún dé. Kò dé bí ẹkún àgbàlagbà. Ó gbé Yẹ́misí ṣánlẹ̀, ìborùn ré bọ́ lọ́rùn rẹ̀, ó ń pe Bàbá Ọpẹ́ ní Kọ́láwọlé, orúkọ tí kò fi pè é rí látọjọ́ ìgbéyàwó. Ọ̀ṣunlọlá ò ní kí ó dákẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó ní, "Sun ún. Sun ún dáadáa," omi sì ń bọ́ lójú tirẹ̀ náà. Lórí tẹlifíṣọ̀n, Àtàndá ń di ẹrù, ó fẹ́ lọ wá ohun tó máa mú bọ̀ wálé fún ìyàwó rẹ̀. Ó ti dé etí odò nígbà tí wọ́n mú iná lọ.

Yàrá náà pa lọ́lọ́. Òjò ti ṣú.

"Ibi tó dùn jù ló kù yẹn," Ọ̀ṣunlọlá sọ. "Ṣé kí n sọ ọ́ fún ọ?"

"Ẹ má sọ ọ́, ìyá mi. Mo máa dúró de iná."

Wọ́n fa apẹ̀rẹ̀ sáàárín ara wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó àgbàdo. Ẹnìkan ń kọjá lọ níta, ẹsẹ̀ rẹ̀ dún lórí òkúta, Yẹ́misí sì gbé orí sókè, ọwọ́ rẹ̀ dúró lára irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo. Lẹ́yìn ìjà ọjọ́ yẹn, ó máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ Bàbá Ọpẹ́ nírọ̀lẹ́ bó ti ń bọ̀. Ẹsẹ̀ náà á gun àtẹ̀gùn, á dé ẹnu ọ̀nà, á sì dúró níbi tó ti máa ń pe onílé tẹ́lẹ̀. Láti ilé ìdáná lòun á ti kígbe pé, "Ẹ nu bàtà yín dáadáa o," nítorí ó rò pé ẹrẹ̀ ló ń nù. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ Ẹdẹ gbẹ táútáú, ó máa ń dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó ṣílẹ̀kùn.